Títa gìrì kọ́ ni àìsàn gìrì: èsì fún ìyá ìkókó kan ní Kétu

Ìyá ìkókó, o kú ewu. O kú ọwọ́ lómi. Ọlọ́run á bá wa wo ọmọ náà.

Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ka ohun tí o kọ ránṣẹ́. Kí ọ̀rọ̀ wa lè yé àwọn tó ń kà á lẹ́yìn rẹ, màá tún un sọ ní ṣókí. Àkọ́bí rẹ ni, ọkùnrin, ó pé ọjọ́ 12 lónìí, ẹ sì ti sọ ọ́ lórúkọ. Gbogbo ìgbà tí o bá fẹ́ tẹ́ ẹ sórí ẹní, apá rẹ̀ méjèèjì á fò sókè, ọwọ́ rẹ̀ á gbọ̀n, á sì figbe ta. Tó bá ń sùn, á rẹ́rìn-ín, á fajú ro, èémí rẹ̀ á dúró díẹ̀ kó tó padà. Òsúkè ń mú un tó bá mu ọmú tán. Orí ọmú rẹ̀ méjèèjì wú. Tí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, á bẹ̀rẹ̀ sí í ké títí ìwọ náà á fi máa sunkún. Ìyá ọkọ rẹ ní gìrì ló ń bọ̀. Wọ́n ti ra àdí àti ìgò àgbo kan bọ̀ láti ọjà, wọ́n ní tó bá fi máa di òpin ọ̀sẹ̀ tí kò bá dáwọ́ dúró, àwọn á rọ ọ́ fún un. O wá ń béèrè pé ṣé gìrì ni lóòótọ́, àti pé ṣé kí o jẹ́ kí wọ́n fún un mu.

Má jẹ́ kí wọ́n fún un mu. Bí o sì ṣe ṣàlàyé rẹ̀ yẹn, kò jọ gìrì rárá. Ọdún 31 ni mo fi ṣe iṣẹ́ agbẹ̀bí ní agbègbè Kétu yìí kí n tó fẹ̀yìn tì. Tí mo bá ní kí n máa ka àwọn ọmọ tí wọ́n gbé wá bá mi lóru nítorí apá tó ń fò sókè yìí, ilẹ̀ á mọ́ bá wa níbẹ̀.

Èdè wa gan-an wà lára ohun tó ń kó wa sí ìpayà. Tí nǹkan bá já ọmọ láyà, a ó ní ó ta gìrì. Àìsàn tó ń mú ọmọ gan, tó ń yí ojú rẹ̀ sókè, gìrì náà ni à ń pè é. Ọ̀rọ̀ kan náà ni létí. Ìyá àgbà tó ti rí ọmọ tí gìrì pa rí, tó wá rí ọmọ-ọmọ rẹ̀ tó ta gìrì lórí ẹní, ọkàn rẹ̀ á ti sáré dé itẹ́ òkú kó tó nawọ́ gbé e. Mi ò lè bá a wí fún ìyẹn. Ṣùgbọ́n ohun méjì ni wọ́n, wọn kò sì jọra tí o bá mọ ibi tí wàá wò.

Oṣù mẹ́sàn-án ni ọmọ rẹ fi ká jọ síbi tó há, tó gbóná, tí ara rẹ ń dì í mú láti gbogbo ẹ̀gbẹ́. Kò mọ ohun tó ń jẹ́ òfìfo. Nísinsin yìí, bí orí rẹ̀ bá kàn yẹ̀ sẹ́yìn díẹ̀ lọ́wọ́ rẹ, bí ilẹ̀kùn bá gbá, bí zẹ́mìjàn, ọ̀kadà akérò, bá fọn fèrè lójú títì, ọpọlọ rẹ̀ á sọ fún un pé ó ń já bọ́. Apá méjèèjì á là gbàgà, àwọn ìka á yà, lẹ́yìn náà apá á rọra padà sí àyà bí ẹni tó fẹ́ di nǹkan mú, ẹkún á tẹ̀ lé e. Gbogbo ọmọ tí ara rẹ̀ le ló ń ṣe é. Àwa agbẹ̀bí a tilẹ̀ máa ń wò ó lọ́jọ́ tí wọ́n bí ọmọ, torí ọmọ tí kò ta gìrì rárá ló ń kó wa lọ́kàn sókè, tàbí èyí tí apá kan rẹ̀ gbéra tí èkejì sùn sílẹ̀: ó lè jẹ́ pé egungun èjìká rẹ̀ kán tàbí iṣan apá rẹ̀ fà nígbà tó ń jáde. Títa gìrì yìí á máa dínkù láti bí oṣù mẹ́ta, tó bá fi máa di oṣù mẹ́fà, kò ní sí mọ́.

Bí wàá ṣe dán an wò nìyí. Nígbà tí ọwọ́ bá ń gbọ̀n, fi ọwọ́ tìrẹ dì í mú jẹ́jẹ́, kí o ká apá náà sí i láyà. Tó bá dúró lọ́wọ́ rẹ, kì í ṣe gìrì. Gìrì gidi kì í gbọ́ ti ẹni tó dì í mú. Wàá máa gbọ́ bó ṣe ń lù lábẹ́ àtẹ́lẹwọ́ rẹ, ìlù kan náà, ó ń lù, ó ń lù, bí ẹyẹ tí ọmọdé mú sínú ìkúùkù. Ariwo tàbí ìgbésọlẹ̀ ló ń bí títa gìrì. Gìrì gidi lè mú ọmọ tó sùn jẹ́jẹ́ tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn. Wo ojú rẹ̀ pẹ̀lú. Ọmọ tó ta gìrì á wò ọ́, á sì ké. Ọmọ tí gìrì mú kì í wo ẹnikẹ́ni: ojú á fà sí ẹ̀gbẹ́ kan tàbí kó ranjú sókè, ètè lè dúdú, ẹkún kì í sì í sí nígbà míràn.

Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ àgbà kò mọ̀. Gìrì ọmọ tuntun kì í sábà jọ gìrì ọmọ ọdún méjì. Ó lè má gan. Ó lè jẹ́ ẹnu tó ń jẹ nígbà tí kò sí nǹkan lẹ́nu, léraléra, tàbí ẹsẹ̀ tó ń yí bí ẹni tó ń wa kẹ̀kẹ́, tàbí ìpéǹpéjú tó ń ṣẹ́ láìdáwọ́ dúró, tàbí èémí tó kàn dá tí ara sì yí àwọ̀ padà. Tí o bá rí irú rẹ̀, fi fóònù rẹ ká a sílẹ̀ bí àyè bá wà, kí o sì máa bọ̀ nílé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀. Fídíò ìṣẹ́jú kan yẹn á ràn wá lọ́wọ́ ju àlàyé wákàtí kan lọ.

Mo ti rí gìrì gidi, mi ò sì ní gbàgbé èyí àkọ́kọ́. Mi ò tíì ju ọmọge lọ nígbà náà. Láti abúlé kan ni wọ́n ti gbé e wá, ọmọ ọjọ́ méje. Ìyá rẹ̀ ní láti ọjọ́ tí òun ti bí i ló ti ń mu ọmú dáadáa, àfi àná tí ẹnu rẹ̀ kọ̀ tí kò là mọ́. Mo fi ìka kékeré kan ẹ̀gbẹ́ ẹnu rẹ̀, torí ọmọ tuntun tí o bá fọwọ́ kàn lẹ́rẹ̀kẹ́ á yíjú síbẹ̀, á sì la ẹnu wá ọmú. Dípò bẹ́ẹ̀, gbogbo ara rẹ̀ le, ẹ̀yìn rẹ̀ tẹ̀ bí ọrun, ìkúùkù rẹ̀ dì. Ó mọ ohun gbogbo tó ń ṣe é. Ojú rẹ̀ là. Abẹ tí wọ́n fi gé ìwọ́ rẹ̀ kò mọ́, wọ́n sì ti fi nǹkan sí ojú ibẹ̀. Tẹ̀tánọ́ọ̀sì ni. Ó kú kí ilẹ̀ tó mọ́.

Ìdí tí mo fi sọ èyí fún ọ ni pé tẹ̀tánọ́ọ̀sì ọmọ tuntun ní àkókò tirẹ̀: láàárín ọjọ́ kẹta sí ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n, nínú ọmọ tó ti ń mu ọmú dáadáa tẹ́lẹ̀. Àmì rẹ̀ àkọ́kọ́ ni pé kò lè mu ọmú mọ́. Ọmọ tìrẹ ń mu ọmú, o kọ ọ́ síbẹ̀ pé ó ń fà á "bí ẹni tí ebi ti ń pa láti ọ̀run". Wo ìwé aboyún rẹ, kí o wo ibi tí wọ́n kọ abẹ́rẹ́ tẹ̀tánọ́ọ̀sì sí: èyí tí o gbà nígbà oyún ń dáàbò bo ọmọ náà pẹ̀lú. Ní ti ìdodo rẹ̀, má fi epo, má fi ọṣẹ ìfọyín, má fi ìgbẹ́ màlúù, má fi ohunkóhun tí wọn kò fún ọ nílé ìgbẹ̀bí sí i. Jẹ́ kó mọ́, jẹ́ kó gbẹ, máa ká ìlédìí sísàlẹ̀ rẹ̀. Tí ẹran àyíká rẹ̀ bá pọ́n, tó ń rùn tàbí tó ń ṣọyún, má dúró.

Ó kan àgbo. Kì í ṣe pé mo kórìíra ewé àti egbò. Inú ilé oníṣègùn ni wọ́n ti tọ́ mi. Ṣùgbọ́n ikùn ọmọ ọjọ́ 12 kéré ju ìkúùkù rẹ lọ, ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín rẹ̀ kò tíì gbó. Àgbo gìrì tí wọ́n ń tà lọ́jà, ìwọ kò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Mo mọ àwọn tó fi ewé tábà àti ìtọ̀ màlúù ṣe é. Ìyẹn máa ń fa ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ọmọ wálẹ̀, á mú kí èémí rẹ̀ rọ̀. Ṣúgà tó wálẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ sì wà lára ohun tó ń fa gìrì gidi. Ọmọ tí kò ní gìrì á wá ní in. Àdí ńkọ́? Tí a bá rọ ọ́ sẹ́nu ọmọ tí ń ké, tàbí èyí tí kò mọ ohun tó ń ṣe é, ó lè má gba ọ̀nà ọ̀fun lọ, kó wọ inú ẹ̀dọ̀fóró. Òróró inú ẹ̀dọ̀fóró kì í tètè jáde. Kó fi àdí pa ara rẹ̀ lóde, ìyẹn kò burú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òrí ni èmi fẹ́ràn jù. Yàtọ̀ sí oògùn tàbí àjẹsára tí ilé ìwòsàn bá fún un, ohun kan ṣoṣo tó yẹ kó wọ ẹnu rẹ̀ títí oṣù mẹ́fà ni ọmú rẹ. Omi lásán pàápàá, rárá. Wàrà ọmú ní omi tó tó o, nínú ọ̀gbẹlẹ̀ Kétu yìí náà.

Kí ara rẹ̀ lè máa balẹ̀, gbìyànjú èyí ní alẹ́ òní. Nígbà tí o bá fẹ́ tẹ́ ẹ sílẹ̀, jẹ́ kó sún mọ́ àyà rẹ títí ìwọ fúnra rẹ á fi tẹ̀ ba. Ìdí rẹ̀ ni kó kọ́kọ́ kan ẹní, lẹ́yìn náà ẹ̀yìn, orí ni kó kẹ́yìn. Má tíì yọ ọwọ́ kúrò lábẹ́ orí. Fi ọwọ́ kejì lé apá rẹ̀ méjèèjì láyà, kí o ka ení, èjì, títí dé ẹ̀wá. Yọ ọwọ́ abẹ́ orí, kí èyí tó wà láyà ṣì dúró díẹ̀ sí i. O lè fi aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ wé apá rẹ̀ mọ́ ọn lára, ṣùgbọ́n jẹ́ kí itan àti ẹsẹ̀ rẹ̀ ráyè ká kó sì ṣí. Ṣọ́ra fún ohun tí àwọn kan máa ń ṣe: wọ́n á dojú ọmọ bolẹ̀ kó sùn lórí ikùn nítorí pé kò ní ta gìrì níbẹ̀. Òótọ́ ni, kò ní ta gìrì. Ṣùgbọ́n ọmọ tó ń sùn lórí ikùn lè kú lójú oorun láìsí ẹni tó gbọ́. Ẹ̀yìn ni kó fi máa sùn, lọ́sàn-án, lóru.

Oorun rẹ̀ tí o sọ. Ọmọ tuntun lè sùn tó wákàtí 16 nínú 24, kì í sì í ṣe oorun àgbà. Bí ìdajì rẹ̀ jẹ́ oorun tí ara kò sinmi: ojú á máa yí lábẹ́ ìpéǹpéjú, á rẹ́rìn-ín, á ráhùn, á fọwọ́ gbá afẹ́fẹ́, á tilẹ̀ ké lẹ́ẹ̀kan láìjí. Àwọn àgbà ní àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ló ń bá a ṣeré. Mo fẹ́ràn ọ̀rọ̀ yẹn, mi ò sì rí ìdí tí wàá fi já wọn níyàn. Èyí tí mo fẹ́ kí o mọ̀ ni pé kò yẹ kí o gbé e nígbà yẹn. Dúró díẹ̀. Ìyá tó ń gbé ọmọ ní gbogbo ìgbà tó bá ti ráhùn ló ń jí i. Ẹ̀rín tó jẹ́ tìrẹ, tó máa wo ojú rẹ kó tó rín in, ń bọ̀ ní bí ọ̀sẹ̀ kẹfà.

Èémí rẹ̀ tó ń dúró, ìyẹn náà wà lára bí wọ́n ṣe dá wọn. Ọmọ tuntun á mí kíákíá kíákíá, á dúró fún bí ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún sí mẹ́wàá, á tún bẹ̀rẹ̀. Ètè á ṣì pupa, ara á rọ̀. Má fi ojú lásán wọ̀n ọ́n, torí ẹ̀rù á parọ́ fún ọ. Nígbà tó bá sùn, tí kò ké, ká aṣọ ikùn rẹ̀ sókè, ṣí aago fóònù rẹ, kí o ka iye ìgbà tí ikùn náà gbéra ní ìṣẹ́jú kan gbáko. Láàárín 30 sí 60 ló yẹ kó wà. Tó bá tó 60 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, sinmi díẹ̀ kí o tún un kà. Tó bá tún jẹ́ bẹ́ẹ̀, ilé ìwòsàn ni. Ilé ìwòsàn náà ni tó bá jẹ́ pé ìsàlẹ̀ àyà rẹ̀ ń wọnú gan-an ní gbogbo ìgbà tó bá mí, tó ń kérora lórí èémí kọ̀ọ̀kan, tàbí tí èémí náà dúró tó ìṣẹ́jú àáyá 20.

Òsúkè kì í pa ọmọ lára, kò sì dùn ún. Ó ti ń ṣe é nínú rẹ, ìwọ náà á ti mọ̀ ọ́n. Fọ́nrán òwú tí ìyá ọkọ rẹ fi itọ́ lẹ̀ mọ́ ọn níwájú orí kò ṣe é ní nǹkan kan, fi í sílẹ̀ fún wọn. Kó ṣáà má lọ bọ́ sẹ́nu rẹ̀. Sísín rẹ̀ kì í ṣe òtútù: eruku àti ikun ló ń lé jáde nínú imú tó kéré bí ihò abẹ́rẹ́. Ojú tó ń dà sí ẹ̀gbẹ́ nígbà míràn á tò tó bá di bí oṣù mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Àpá dúdú bí aró tó wà ní ìdí àwọn ọmọ wa kì í ṣe ẹgba tí wọ́n nà án lọ́run, kì í sì í ṣe àmì àbíkú. Àwọ̀ ara ni, á máa ṣí lọ díẹ̀díẹ̀.

Orí ọmú tó wú, jọ̀ọ́, ọmọ mi, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fún un. Mo mọ̀ pé nígbà ìwẹ̀, wọ́n máa ń fi omi gbígbóná tẹ̀ ẹ́ kí "wàrà àjẹ́" inú rẹ̀ lè jáde. Kò sí àjẹ́ níbẹ̀. Ohun tó ń mú kí ọmú tìrẹ ṣe wàrà ló gba inú ẹ̀jẹ̀ kọjá sí i lára kí o tó bí i. Ọmọkùnrin, ọmọbìnrin, ó ń ṣe wọ́n. Ọmọbìnrin mìíràn tilẹ̀ ń rí ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ lójú ara ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ fún ìdí kan náà. Láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, á wálẹ̀ fúnra rẹ̀. Tí ẹ bá ń fún un, kòkòrò á wọlé, á di oówo, wọ́n á sì fi abẹ là á. Mo ti rí i tó ṣẹlẹ̀ sí ọmọ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Mo ti ń sọ̀rọ̀ ìwẹ̀, ẹ jẹ́ kí n parí rẹ̀. Kí ẹ fi òrí wọ́ ọ lára, kí ẹ na ẹsẹ̀ rẹ̀ jẹ́jẹ́, ó dára, ọmọ fẹ́ràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ẹ gbé e ní apá kan fì, kí ẹ sọ ọ́ sókè kí ẹ tún hán an, ẹ má dán an wò. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́: ẹni tó kọ́kọ́ pa òwe yẹn ti rí ọrùn ọmọ tuntun dáadáa. Orí rẹ̀ wúwo, ọrùn kò lágbára, àwùjẹ̀ kò tíì dì. Bí orí náà bá ń jì síwájú sẹ́yìn, ẹ̀jẹ̀ lè tú sínú ọpọlọ.

Èyí ló mú mi dé igbe ìrọ̀lẹ́, torí ibẹ̀ ni àwọn òbí ti máa ń jì ọmọ nígbà tó bá ti sú wọn. Igbe ọmọ máa ń pọ̀ sí i láti bí ọ̀sẹ̀ kejì, ó máa ń dé òkè ní bí ọ̀sẹ̀ kẹfà, kó tó máa wálẹ̀ títí oṣù kẹta sí ìkẹrin. Ọmọ tí ara rẹ̀ le lè ké tó wákàtí méjì tàbí mẹ́ta lójúmọ́, ìrọ̀lẹ́ ló sì pọ̀ jù. Nítorí náà, kò tíì dé òkè rẹ̀. Mi ò sọ ọ́ láti dẹ́rù bà ọ́. Mo sọ ọ́ kí o má baà rò nígbà tó bá pọ̀ sí i pé wàrà rẹ ti tán, tàbí pé ẹnìkan ti ṣe ọ́.

Kọ́ láti rí ebi rẹ̀ kó tó di igbe. Á kọ́kọ́ máa fi ahọ́n lá ètè. Á yí orí sọ́tùn-ún sósì, ẹnu á là. Á fi ìkúùkù sẹ́nu, á máa fà á. Àkókò ọmú nìyẹn. Tó bá ti di igbe, ebi ti pẹ́, ara rẹ̀ á sì ti gbóná ju kó rí ọmú gbá mú. Wàá kọ́kọ́ rẹ̀ ẹ́ ná. Ìgbà 8 sí 12 ló yẹ kó mu láàárín ọ̀sán òun òru. Ní ìrọ̀lẹ́, ó lè mu, kó fi sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kó tún béèrè, kó ṣe bẹ́ẹ̀ fún wákàtí mélòó kan. Kò túmọ̀ sí pé ọmú gbẹ. Bó ṣe ń fà á lemọ́lemọ́ ni ara rẹ ń gbọ́ pé kí wàrà pọ̀ sí i. Tó bá yó tí kò sì dákẹ́, bọ́ ẹ̀wù rẹ, tú aṣọ ara rẹ̀ ku ìlédìí, gbé e sí àárín ọmú rẹ, kí o fi ìró bò yín, kí o máa rìn nínú àgbàlá, kí o máa kùn sí i létí. Bí ọwọ́ rẹ bá ti ń gbọ̀n nítorí ìbínú, gbé e fún bàbá rẹ̀. Bí kò bá sí ẹnikẹ́ni nílé, tẹ́ ẹ sórí ẹní lórí ẹ̀yìn rẹ̀, jáde síta, bu omi sójú, kí o padà lẹ́yìn ìṣẹ́jú márùn-ún. Igbe ìṣẹ́jú márùn-ún kò pa ọmọ rí.

Tí wọ́n bá ní wàrà rẹ kò tó, ìlédìí ni kí o fi dá wọn lóhùn. Ọmọ tó ti ju ọjọ́ márùn-ún lọ, tó ń tọ̀ tó ẹ̀ẹ̀mẹfà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lójúmọ́, tí ìtọ̀ rẹ̀ kò pọ́n, ó ń yó. Ìgbẹ́ rẹ̀ ti kúrò ní dúdú ọjọ́ àkọ́kọ́, ó ti di pupa rúsúrúsú, ó sì ṣàn: bẹ́ẹ̀ ló ṣe yẹ kó rí, kì í ṣe ìgbẹ́ gbuuru. Kó fún ara rẹ̀ títí ojú á fi pọ́n kó tó yàgbẹ́ tó rọ̀, ẹ̀kọ́ ló ń kọ́. Wàrà díẹ̀ tó ń dà padà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu lẹ́yìn tó bá gùnfẹ̀ kò léwu. Èébì tó bá ní àwọ̀ ewé léwu gidigidi, ìfun lè ti lọ́; lóru náà ni kí ẹ jáde.

O kò béèrè nípa èyí, ṣùgbọ́n mi ò ní sùn bí mi ò bá sọ ọ́. Gbé ọmọ lọ sẹ́nu ọ̀nà, nínú ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán, kí o tẹ awọ imú rẹ̀ kí o sì wo ẹyinjú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọmọ ni ojú wọn máa ń ní àwọ̀ ìyeyè láti ọjọ́ kejì tàbí ìkẹta, ó sì yẹ kó ti máa parẹ́ nísinsin yìí. Tó bá ṣì wà lẹ́yìn ọjọ́ 14, tàbí tó bá ti dé àtẹ́lẹwọ́ àti àtẹ́lẹsẹ̀, má fi oòrùn àárọ̀ tàn ara rẹ jẹ, gbé e wá. Tó bá pọ̀ jù, inú ọpọlọ ló ń lọ, á fa gìrì gidi, á sì lè di ọmọ létí. Àwọn aṣọ ìkókó tí ìyá ọkọ rẹ yọ látinú àpótí ńkọ́? Ṣé wọ́n ń rùn kánfọ̀? Àwọn hóró funfun tí a ń kó sáàárín aṣọ nítorí aáyán yẹn máa ń fọ́ ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ kan, ọ̀pọ̀ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ló sì wà nílẹ̀ wa, àwọn ọkùnrin ló pọ̀ jù nínú wọn. A kì í mọ̀ lójú. Fọ gbogbo aṣọ náà, sá a sóòrùn dáadáa, kí o sì kó kánfọ̀ jáde nílé. Má fi róòbù pa á lára pẹ̀lú.

Ohun tó gbọ́dọ̀ gbé ọ kúrò nílé, bó ti wù kí òru tó, kò pọ̀. Ọmọ tó ń mu ọmú tẹ́lẹ̀ tó wá kọ̀ ọ́, tàbí tí kò lágbára láti fà á. Gìrì tí ọwọ́ rẹ kò dá dúró. Èémí bí mo ti sọ ọ́. Ara tó gbóná tó 37.5°C tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tàbí tó tutù tí àyà rẹ kò lè mú un móoru. Ọmọ tó rọ jọwọrọ, tí kì í mira àfi tí ẹ bá jì í. Àwùjẹ̀ tó wú sókè nígbà tí kò ké. Ọmọ tuntun kì í pẹ́ kó tó bàjẹ́, nítorí náà má dúró de ọkọ, má dúró de ilẹ̀ mímọ́. Gbé e mọ́ àyà lábẹ́ aṣọ lórí zẹ́mìjàn kó má baà tutù, kí o sì máa fún un ní ọmú lọ́nà tó bá lè mu.

Ó ku ìyá ọkọ rẹ. Ní Kétu tiwa yìí, níbi tí a ti ń jó Gẹ̀lẹ̀dẹ́ láti fi yẹ́ àwọn ìyá sí, mi ò ní sọ fún ọ pé kí o ko wọ́n lójú. Ìfẹ́ ló gbé wọn dé ọjà. Kúnlẹ̀, dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, kí o ní Ìyá agbẹ̀bí ní kí ẹ dì í lọ́wọ́ mú nígbà tó bá tún ta gìrì. Jẹ́ kó jẹ́ ọwọ́ tiwọn. Nígbà tí apá náà bá dákẹ́ lábẹ́ àtẹ́lẹwọ́ wọn, àwọn fúnra wọn á rí i.

Ọ̀túnla ló máa pé ọjọ́ 14. Gbé e lọ sílé ìgbẹ̀bí lówùúrọ̀ kí wọ́n wọ̀n ọ́n. Ó yẹ kó ti padà sí iye tó wọ̀n lọ́jọ́ tí o bí i. Bẹ ìyá ọkọ rẹ kí wọ́n bá ọ lọ, kí àwọn ló gbé ọmọ sórí òṣùwọ̀n. Kí wọ́n mú ìgò àgbo náà dání, kí wọ́n fi han agbẹ̀bí tí ẹ bá bá níbẹ̀.